Ìwé "Ẹ má bú òṣìṣẹ́ wa" lára ògiri ṣọ́ọ̀bù: ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Oníṣu, Woolwich

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti dúró nídìí kántà rí nílùú ọba yìí ni mo dìídì ń bá sọ̀rọ̀.

Oúnjẹ ilé wa ni mo ń tà: iṣu, gaàrí, èlùbọ́, pọ̀nmọ́, panla, ata rodo. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan ṣì wà ní yunifásítì, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń wá. Ní Sátidé tó kọjá, bàbá kan gbé iṣu tó rà lọ́wọ́ wa padà. Ó ti gé e sí méjì, inú rẹ̀ ti dúdú. Ọmọ yìí na ọwọ́ sí ìwé tó wà lára ògiri, pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ni ilé bá gbóná. Ó pè é ní olòṣì, ó pè é ní ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, ó ní kó gbé iṣu náà lọ fún ìyá rẹ̀ kó jẹ ẹ́. Ó wá sọ ìdajì iṣu náà lu kántà, ó ta padà, díẹ̀ ló kù kó bà á lójú. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń wò. Obìnrin kan ṣoṣo ló ní, "Bàbá, ó tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yìn ni mo wà, nídìí fírísà. Kí n tó jáde, ó ti lọ. Ọmọ náà tajà títí a fi tì. Alẹ́ ni ìyá rẹ̀ pè mí pé òun ò rò pé ó máa wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Àwọn òyìnbó náà máa ń pariwo mọ́ wa, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó á bú ọ, á lọ. Àwọn tiwa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọni lára: ìyá rẹ, ilé yín, ọkọ tí o ò tíì ní. Ọmọ tó sì jẹ́ Yorùbá kò ní lè fèsì, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé àgbà ni.

Mo máa ń rí ìwé kan lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò (GP), nínú bọ́ọ̀sì, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, pé àwọn ò ní fàyè gba ẹni tó bá bú òṣìṣẹ́ àwọn tàbí tó bá halẹ̀ mọ́ wọn. Ṣé kí n lẹ irú ẹ̀? Kí ni kí n kọ sí i? Ọkọ mi ní yóò lé oníbàárà, pé ẹni tó wá ra gaàrí kò wá gba ìkìlọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Croydon

Màmá, ẹ lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi èdè méjèèjì kọ ọ́. Ó wà nínú gbogbo bọ́ọ̀sì, mi ò tíì rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Oníbàárà tí ìwé yẹn bá lé lọ, owó rẹ̀ kò tó owó omijé ọmọ ọlọ́mọ.

Adùkẹ́, Glasgow

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ẹ ní kó má rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí kántà ní ilé ìtajà ńlá níbí. Èmi ni súpáfáísọ̀ alẹ́ báyìí, mo sì ń ṣe aṣojú fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Usdaw. Ìwé tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Níbí, òfin ò gbà ká ta ọtí lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Tí aago bá ti fi ìṣẹ́jú méjì kọjá mẹ́wàá, ẹnì kan á gbé wáìnì ka kántà. Ẹ̀rọ gan-an kò ní gbà á wọlé, kò sí ohun tí ọmọ tó wà níbẹ̀ lè ṣe sí i. Ibẹ̀ ni èébú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá tíì jọ ti ọmọ ọdún 25, dandan ni ká béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ra ọtí. Ìjà nìyẹn náà. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti afẹ́wọ́. Gbogbo ìgbà yẹn, ìwé ìkìlọ̀ wà lókè orí wa gbàgàdà. Ẹni tó ti mutí yó kì í kàwé.

Síbẹ̀ mo fẹ́ kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́, torí ọmọ tó dúró sídìí kántà ló nílò rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́: wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé àgbà kì í jẹ̀bi. Wọ́n á máa gba èébú, wọ́n á máa kúnlẹ̀, "ẹ má bínú sà, ẹ má bínú sà." Ìwé yẹn ni yóò sọ fún wọn pé wọ́n lè dáwọ́ dúró, pé ọ̀gá wọn ti fọwọ́ sí i.

Àmọ́ tí ọ̀gá ò bá dúró tì í, ẹ yáa má lẹ̀ ẹ́. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ìwé náà fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan pè mí ní ọ̀bọ lójú gbogbo èèyàn. Máníjà jáde, ọkùnrin náà ló bẹ̀, ó tún fún un ní fáúṣà pé kó fi ra nǹkan. Ojú mi ló ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́nì kankan nínú wa tó tún ka ìwé yẹn sí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó. Ẹ fún wọn ní gbólóhùn kan tí wọ́n á máa sọ, bíi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá tún bú mi, mi ò ní lè tajà fún yín." Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sókè níwájú yín títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Bí onítọ̀hún bá tún bú wọn, kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ọjà, kí wọ́n pè yín. Ẹ̀yin lẹ máa ní kó jáde, kì í ṣe ọmọ náà. Ṣọ́ọ̀bù yín ni, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn máa lọ, kìkì kó má jẹ́ torí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn tàbí irú ẹni tó jẹ́. Equality Act ti 2010 kò gba ìyẹn. Ẹ ní ìwé kékeré kan lábẹ́ kántà: ọjọ́, aago, ohun tó sọ gan-an, ẹni tó gbọ́. Bí ọwọ́ bá wọ̀ ọ́ tàbí tó ń halẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá ní 999. Bó bá ti lọ, ẹ pè wọ́n ní 101.

Ní ti òfin, tiwa ní Scotland ṣe kedere. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2021, ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró ni kí èèyàn lu òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, tàbí kó fi ìhalẹ̀ àti èébú kó jìnnìjìnnì bá a. Bó bá jẹ́ níbi tó ti ń béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ èèyàn ni, ó tún le sí i. Lọ́dọ̀ yín ní England, òfin 2022 ní kí adájọ́ fi kún ìyà ẹni tó bá lu ẹni tó ń dá ará ìlú lóhùn, òǹtajà sì wà nínú wọn. Ní oṣù kejì 2025 ìjọba tún gbé àbá wá sílé aṣòfin láti sọ lílu òṣìṣẹ́ ilé ìtajà di ẹ̀ṣẹ̀ gédégbé. Ọ̀rọ̀ náà ti le gan-an ni: ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, British Retail Consortium, sọ pé láàárín 2023 sí 2024, ó lé ní ìgbà 2,000 lójúmọ́ tí wọ́n ń bú òṣìṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń lù wọ́n.

Bàbá Tólú, Manchester

Adùkẹ́ ti sọ̀rọ̀ tán, kí Ọlọ́run bù kún un. Ìwé tó ti wà lára ògiri yẹn tẹ́lẹ̀ ni tèmi, ìyẹn "a kì í gba ọjà padà."

Ìyá Oníṣu, ẹ yọ ọ́. Ní ilẹ̀ yìí, Consumer Rights Act ti 2015 fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, kó sì gba owó rẹ̀. Ohun tó máa ń tètè bàjẹ́ bí iṣu kò ní pẹ́ tó ìyẹn, bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó ni wọ́n á fi wò ó. Iṣu tó dúdú nínú, tí èèyàn ò lè rí títí yóò fi gé e, owó ẹni tó rà á tọ́ sí i. Ìwé kankan lára ògiri ò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé ní Nàìjíríà náà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ń kìlọ̀ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù léraléra pé irú ìkọ̀wé yẹn kò bófin mu.

Kò sí ẹ̀tọ́ tó ní kí bàbá yẹn bú ìyá ọmọ ọlọ́mọ tàbí kó sọ iṣu lù ú. Ìwà ọ̀dájú ni, ojú sì tì mí fún un. Àmọ́ ẹ wo ọmọ yẹn náà: ó dúró síbẹ̀, kò láṣẹ láti dá pọ́n-ùn kan padà, ìwé yẹn nìkan ló ní lọ́wọ́. Ẹ fún un láṣẹ láti pààrọ̀ iṣu tó bàjẹ́ tàbí kó dá owó rẹ̀ padà láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá ti dá lóhùn dáadáa, tó tún wá ń bú èèyàn, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ lé e, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn á sì gbè sẹ́yìn yín.

Ìyá Oníṣu, Woolwich

Mo kí gbogbo yín. Mo ti yọ ìwé "a kì í gba ọjà padà." Èyí tí mo kọ rọ́pò rẹ̀ nìyí, Yorùbá lókè, òyìnbó nísàlẹ̀:

"Bí iṣu rẹ bá bàjẹ́ nínú, gbé e wá pẹ̀lú rìsíìtì, a ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí ká dá owó rẹ padà. Ọmọ ẹnì kan ni òṣìṣẹ́ wa. Bí o bá bú u tàbí halẹ̀ mọ́ ọn, a kò ní tajà fún ọ, a ó sì ní kó o jáde."

Mi ò kọ ọlọ́pàá sí i. Tó bá kàn wọ́n, mo máa pè wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àwọn ìyá arúgbó tó ń wá kí mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì máa kà á. Mo ti pe àwọn ọmọ méjèèjì, mo fún wọn ní gbólóhùn Adùkẹ́. Ẹni tó dàgbà jù sọ ọ́ geerege. Èkejì ṣì ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó wá. Èmi fúnra mi lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, mo ṣe àdéhùn pé ní Sátidé, mi ò ní kúrò níwájú.

Ọkọ mi ti gbà sí ìwé náà, ṣùgbọ́n ó ní ká fi kámẹ́rà síbẹ̀ pẹ̀lú. Báwo lẹ ṣe rí i sí?

Adùkẹ́, Glasgow

Ẹ fi sí i, ẹ̀gbọ́n mi, kó dojú kọ kántà. Ẹ gbọ́dọ̀ lẹ ìwé pé kámẹ́rà wà, kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ICO, àjọ tó ń mójú tó ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́dọọdún. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó pe 101, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.