Ọmọ mi kì í la ẹnu ní ilé-ìwé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 6, CI, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló wà. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àní ó máa ń bá adìyẹ wí. Tó bá ti dé ilé-ìwé, kẹ́kẹ́ pa. Láti oṣù kẹsàn-án nìyí, a sì ti wà ní oṣù kejì.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún wa tó ní òun ń tọ́jú ọkàn ọmọdé. 10,000 sẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n dúró níta, ó ti ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ igbe ọmọ mi. Ó ní aṣọ lòun fi wé e, tóun dì í mú pinpin kí ohun tó dí i lọ́fun lè jáde. Láti ìgbà kejì ló ti ń tọ̀ sórí ẹní. Tó bá rí i tí mo mú ìborùn báyìí, á di ẹsẹ̀ àga mú. Bàbá rẹ̀ ní ká parí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tá a ti sanwó ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un padà síbẹ̀. Owó á tún wá.

Nọ́ọ̀sì kan: Ẹ ka èyí fún bàbá rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ní Colorado ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi aṣọ wé Candace Newmaker, ọmọ ọdún 10, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìtọ́jú ni wọ́n pè é. Ó ń ké pé òun ò lè mí, wọn ò dá a lóhùn, ó sì kú. Ìyá tó gbà á tọ́ wà nínú yàrá náà o! Nítorí náà, kì í ṣe torí pé ó ti ilẹ̀kùn nìkan ló fi léwu. Lọ́dún 2001 ni Colorado fòfin de irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò ná, kẹ́ ẹ sì béèrè psychologue, ìyẹn onímọ̀ nípa ọkàn, ní CNHU, ilé-ìwòsàn ńlá tó wà ní Kùtọnù.

Olùkọ́ kan, Ṣábẹ̀ẹ́: Ó lè jẹ́ Faransé ló ń dà á láàmú. Ọmọ tó bá èdè tuntun pàdé lè dákẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ṣé ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Yorùbá níta?

Ẹni tó béèrè: Rárá, sà. Ó máa ń nàka ni.

Olùkọ́ kan, Ṣábẹ̀ẹ́: A jẹ́ pé ó jọ ẹ̀rù ju ọ̀rọ̀ èdè lọ, kò sì jọ agídí. Kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un sọ̀rọ̀. Ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó jẹ́ kẹ́yin àti ọmọ yín lọ jókòó ní kíláàsì nígbà tó bá ṣófo, kẹ́ ẹ máa ṣeré. Tó bá ti ń bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wọlé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí olùkọ́ tó dara pọ̀ mọ́ yín. Èyí ò ní kẹ́ ẹ má lọ rí psychologue o.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ bínú nítorí owó, àmọ́ nígbà tí mo ka ti ọmọ Colorado yẹn, ó ní òun fúnra òun á gbé wa lọ sí Kùtọnù. Olùkọ́ ti gbà, ọjọ́ Sátidé la máa lọ sí kíláàsì. Ọmọ bi mí ní àárọ̀ yìí bóyá adìyẹ òun lè bá wa lọ.