Ṣé wọ́n dìbò yan Magdalena Andersson ni, àbí wọ́n kàn fàyè gbà á?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Àbúrò wa tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Magdalena Andersson, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe Olóòtú Ìjọba ní Swídìn, ló fi gbólóhùn kan síwájú wa pé kí á bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe kọ ọ́ rèé: "Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn aṣòfin fi ìbò tó pọ̀ jù lọ yan Andersson sípò Olóòtú Ìjọba, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìjọba fìdíhẹ sì ń bá iṣẹ́ lọ." Ẹ̀gbọ́n wa kan ti fèsì pé gbólóhùn náà dára, pé "fìdíhẹ" nìkan ni kò bá a mu, kí á fi "adelé" rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Fìdíhẹ gan-an ni ara rẹ̀ le nínú gbólóhùn yẹn. Àwọn tó kù ló ń ṣàìsàn.

Ká kọ́kọ́ mú "fi ìbò tó pọ̀ jù lọ yàn". Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, tí wọ́n ń pè ní Riksdag, jẹ́ 349. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, 117 ní àwọn fẹ́ Andersson, 174 ní àwọn ò fẹ́ ẹ, 57 ta kété, ẹnì kan kò sì sí níjòkòó. Ẹni tí 174 kọ̀ tí 117 sì gbà, ibi yòówù kó ti díje lọ́dọ̀ tiwa, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Agbẹjọ́rò ni yóò kù tí yóò máa wá kiri. Ní Stockholm, ó wọlé.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ilé níbẹ̀ ló yàtọ̀. Òfin ìjọba tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, gba yíyan Olóòtú Ìjọba kúrò lọ́wọ́ ọba, ó gbé e lé Abẹnugan ilé lọ́wọ́. Abẹnugan á bá àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá fa ẹnì kan kalẹ̀. Bí ilé bá jókòó lé e lórí, iye àwọn tó fẹ́ ẹ kọ́ ni wọ́n ń wò, iye àwọn tó kọ̀ ọ́ ni. Bí àwọn tó kọ̀ ọ́ bá pé 175, tí í ṣe ìdajì ilé àti díẹ̀ lé, ẹni náà ṣubú. Bí wọn ò bá pé bẹ́ẹ̀, ó yege, ì báà jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá péré ló ní òun fẹ́ ẹ. Bí Abẹnugan bá fa ènìyàn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ilé kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdìbò gbogbogbòò ló kàn.

Nítorí náà, kò sí ìbò tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Kó tiẹ̀ tó di pé a dórí "pọ̀ jù", "dìbò yàn" fúnra rẹ̀ ń gé òótọ́ ní gúnńkú. Ẹni tí a dìbò yàn, ọ̀pọ̀ ló nawọ́ sí i. Ẹni tí à ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ ni kò dí i lọ́nà. Mo dábàá pé kí a máa kọ ọ́ báyìí: "Abẹnugan fà á kalẹ̀, ilé sì fàyè gbà á." Àwọn ará Swídìn fúnra wọn ń lo ọ̀rọ̀ tó fara jọ ìfàyègbà nígbà tí wọ́n bá ń sọ irú ìjọba tí ẹgbẹ́ kan gbà kó wà láìwọ inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òṣèlú wá ní orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ètò náà, "negativ parlamentarism", ẹnì kan sì ti túmọ̀ rẹ̀ síbí ní "òṣèlú òdì". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá! Òdì ni à ń yàn síra wa, òdì ni ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ sódì ń gbọ́. Ètò yìí kò bá ẹnikẹ́ni yodì. "Ìlànà ìfàyègbà" tó mi. Mo ti ro "ìlànà àìtakò" wò, mo sì jù ú nù, nítorí 174 ta kò ó ketekete.

Ọ̀rọ̀ tó tún yẹ ká fura sí ni "ta kété", tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán. Orí tábìlì aṣòfin kọ̀ọ̀kan ni bọ́tìnnì ìbò wà: aláwọ̀ ewé fún bẹ́ẹ̀ ni, pupa fún bẹ́ẹ̀ kọ́, aláwọ̀ ìyeyè fún ẹni tí kò dìbò síbì kan. Lójú ọmọ Yorùbá, ẹni tó ta kété ti kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ṣé àwọn tó tẹ ìyeyè lọ́jọ́ náà kó ẹsẹ̀ kúrò? Rárá o. Ẹgbẹ́ Vänsterpartiet dúnàádúrà dòru kí wọ́n tó gbà láti tẹ ẹ́; owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó tí owó wọn kéré jù ni wọ́n ní kí wọ́n fi kún, Andersson sì gbà á, tó fi tó 1,000 kronor, owó Swídìn, lóṣù. Ìyeyè yẹn lówó lórí. Ní irú ìbò yìí, ẹni tó tẹ ìyeyè ti ran ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ó tì í lẹ́yìn. Mo gbà kí "ta kété" dúró níbi tí a bá ti ń to iye ìbò. Bí a bá wá ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní wọ́n "fàyè sílẹ̀".

Aṣòfin kan wà, Amineh Kakabaveh, tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé, tó dá dúró. Ẹgbẹ́ Andersson bá a ṣàdéhùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà Kọ́dì tó wà ní Síríà. Ká ní ó tẹ pupa ni, 175 ti pé, ìtàn tí àbúrò wa ń kọ yìí ì bá yàtọ̀.

"Kọ̀wé fipò sílẹ̀" ńkọ́? Àwọn oníròyìn káàkiri ayé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò dá àbúrò wa lẹ́bi. Àárọ̀ ni ilé fàyè gba Andersson. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilé kan náà dìbò lórí ètò ìṣúná: èyí tí ẹgbẹ́ alátakò mẹ́ta, Moderaterna, Sverigedemokraterna àti Kristdemokraterna, jọ gbé wá rí 154, ti ìjọba rí 143. Miljöpartiet, ẹgbẹ́ tí òun àti ẹgbẹ́ Andersson fẹ́ jọ ṣèjọba, ní àwọn kò ní fi ètò ìṣúná tí Sverigedemokraterna, ẹgbẹ́ tó ń ta ko ìwọlé àwọn àjèjì, lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ṣèjọba láéláé, wọ́n bá palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Àṣà wọn sì ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá jáde nínú ìjọba alájùmọ̀ṣe, kí Olóòtú Ìjọba dá ipò padà kí ilé lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Andersson lọ bá Abẹnugan, Andreas Norlén, pé kó tú òun sílẹ̀. Bíi wákàtí méje ló wà láàárín ìyẹn àti ìbò àárọ̀.

Àmọ́ ipò wo ló fi sílẹ̀? Ìjọba tuntun kì í gba àkóso ní Swídìn títí wọ́n á fi jókòó níwájú ọba ní ààfin, níbi tí wọn yóò ti kéde pé ìjọba ti pààrọ̀. Andersson kò tíì débẹ̀. Stefan Löfven, Olóòtú Ìjọba tó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù náà, ló ṣì wà lórí àga. Ẹni tí kò tíì jókòó la wá ń sọ pé ó dìde. Kọ "ó jọ̀wọ́ ipò náà", àbúrò. Ènìyàn lè jọ̀wọ́ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà sí i. Kò pọn dandan kó ti jókòó lé e.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ọjọ́ 29, Norlén tún fà á kalẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sì dá ìjọba ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ìbò tó rí tún wálẹ̀ sí 101. Àwọn tó kọ̀ ọ́ jẹ́ 173, àwọn tó fàyè sílẹ̀ 75. Ó yege. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí ààfin, ó sì di Olóòtú Ìjọba ní tòótọ́. Bí ọ̀rọ̀ "ìbò tó pọ̀ jù lọ" bá ṣì wà nínú ìwé yín, ibí yìí ni kí ẹ sin ín sí.

(Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn tó ní kí á máa fi "wọ́n" bọlá fún Andersson jálẹ̀ ìtàn náà: ẹ gbìyànjú láti kọ ìpínrọ̀ òkè yẹn pẹ̀lú "wọ́n fà wọ́n kalẹ̀, wọ́n kọ̀ wọ́n, wọ́n fàyè gbà wọ́n", kí ẹ wá sọ fún mi ta ló ṣe kí ni. "Ó" ni o.)

Ó wá kan fìdíhẹ. Mo mọ ohun tó ń bí ẹ̀gbọ́n nínú. Láti ọdún 1993 tí wọ́n ti gbé ìjọba fún Ernest Shonekan lẹ́yìn tí wọ́n wọ́gi lé ìbò June 12, ọ̀rọ̀ náà ti ní àbàwọ́n létí wa. Ìjọba yẹn kò pé oṣù mẹ́ta tí Abacha fi gbá a dànù. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tuntun tí ẹnikẹ́ni kò yàn la fi ń ṣe fìdíhẹ, nígbà tó jẹ́ pé ní Swídìn, ìjọba tó ń lọ gan-an ló ń dúró de arọ́pò rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n "adelé" ló ní ìṣòro yẹn jù. Adelé ń délé de onílé. Ní Èkìtì àti Oǹdó, ọba ti wàjà kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó bí adelé. Löfven kò délé de ẹnikẹ́ni; òun ni onílé tí àkókò rẹ̀ ti pé. Fìdíhẹ kò sọ ẹni tó jókòó, bó ṣe jókòó ló ń sọ: ó fi ìdí hẹ àga, kò fẹ̀yìn tì. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn níbẹ̀. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, kì í gbé àbádòfin ńlá tó lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ wá, kò sì láṣẹ láti pe ìdìbò àìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2018, Löfven fi ìdí hẹ báyìí fún bí oṣù mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí fìdíhẹ dúró.

Àwọn tó kù kò le. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àbúrò túmọ̀ ní "Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tiwantiwa Aláwùjọ ti Àwọn Òṣìṣẹ́ Swídìn", á ti sú òǹkàwé kó tó dé ìdí rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò túmọ̀ orúkọ Action Group. Igi ọ̀pẹ ni wọ́n rí, wọ́n ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Títí dòní, onígbálẹ̀ là ń pe onígbálẹ̀. Òdòdó róòsì pupa ni àmì ẹgbẹ́ Andersson, inú mi sì kọ́kọ́ dùn pé "Ẹgbẹ́ Olódòdó" yóò bá a mu. Ìgbà tí mo rántí pé Miljöpartiet náà ní òdòdó, tí Sverigedemokraterna náà ní tiwọn, tí Centerpartiet sì mú ewé olórí mẹ́rin, mo rí i pé ọgbà òdòdó ni ilé ìgbìmọ̀ wọn. "Ẹgbẹ́ olódòdó róòsì" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí á máa pè é ní Socialdemokraterna bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Nínú ìtàn iṣẹ́ Andersson, àbúrò, ṣọ́ra fún "överdirektör". Ọmọ ìlú Uppsala ni, òmùwẹ̀ tó ń díje ni nígbà èwe, ó wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àwọn Socialdemokraterna lọ́dún 1983, ó kẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé, ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Göran Persson, Olóòtú Ìjọba ìgbà náà, ó sì dé Skatteverket, iléeṣẹ́ owó orí, lọ́dún 2009. O kọ ọ́ pé ó jẹ́ "ọ̀gá pátápátá" níbẹ̀. Igbákejì ni överdirektör. Generaldirektör ló wà lókè rẹ̀. Mo fẹ́ràn pé "owó orí" lo lò, torí iléeṣẹ́ kan náà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí, orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ará ìlú: wọ́n ń ka orí, wọ́n tún ń gba owó rẹ̀. "Mínísítà fún ètò ìnáwó láti 2014 sí 2021" tí o kọ kò ní wàhálà.

Yọ "Swídìn tí kì í dá sí ìjà ẹnikẹ́ni" kúrò níbi tí o ti ń sọ̀rọ̀ NATO. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Andersson kéde pé àwọn yóò fi ohun ìjà tí wọ́n fi ń fọ́ ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ ránṣẹ́ sí Ukraine, 5,000, oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún tí wọ́n tó fi ìwé ìbéèrè wọn sílẹ̀ fún NATO. Wọ́n ti dá sí i. Ohun tí wọn kò ṣe nígbà náà ni kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ ogun, nítorí náà "tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ogun kankan" ni kí o kọ.

Èyí tó kẹ́yìn: lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹsàn-án 2022, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ló tóbi jù nílé pẹ̀lú ìjókòó 107, ṣùgbọ́n àwọn tí Ulf Kristersson, olórí Moderaterna, kó jọ jẹ́ 176 sí 173, Kristersson ló sì gba ipò. O wá kọ "Olórí Alátakò" fún Andersson pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, bí ẹni pé oyè ni. Òfin ìjọba wọn kò dá irú oyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; àwọn oníròyìn ló máa ń pe olórí ẹgbẹ́ tó tóbi jù lára àwọn tí kò sí níjọba bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kékeré tó o.