Ṣé a ṣì lè fọkàn tán téèpù fún títọ́jú ẹ̀dà fáìlì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Láti ọdún 2013 ni mo ti ń fi téèpù LTO-5 (ìran karùn-ún irú téèpù tí wọ́n ń kó fáìlì kọ̀ǹpútà sí) tọ́jú ẹ̀dà fáìlì iṣẹ́ mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 1.5 TB. Wọ́n ní bí ibi tí a kó o sí bá gbẹ, tó tutù díẹ̀, ó lè lo 30 ọdún, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ gba fáìlì kan padà. Ẹ̀rọ tó ń ka téèpù gbé èyí tí fáìlì náà wà nínú ẹ̀ mì, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ń kùn, nígbà tó yá ó ní òun ò rí i kà. Àyà mi já pàà! Mo fi téèpù tí wọ́n ṣe fún ìmọ́tótó nu orí tí ẹ̀rọ fi ń ka téèpù, ibì kan náà ló tún dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ó ka téèpù mìíràn láìsí wàhálà.

Ṣé téèpù ló bàjẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ ló ń darúgbó? Tí mo bá sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ LTO-8 ò lè ka téèpù LTO-5. Ẹ̀rọ LTO-7 ló kẹ́yìn tó lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ka téèpù yín wò lọ́dún? Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi síkàáwọ́ mi ló wà níbẹ̀, n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù.