Ọ̀já ni, kì í ṣe iṣan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “iṣẹ́ abẹ àtúnkọ́ iṣan orúnkún” gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún ohun tí dókítà ń ṣe nígbà tí egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún bá ń yẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ takò yín díẹ̀.

Ilé là ń tún kọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá sì kọ “atunko” sínú káàdì láìfàmì sí i, bí wọ́n ti máa ń ṣe, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ni wọ́n fẹ́ tún kọ?

“Iṣan” ló tilẹ̀ burú jù. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan. Ohun tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan. Apá géńdé tó yi, iṣan náà ni. Bẹ́ẹ̀, nínú iṣẹ́ abẹ yìí, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀yìn itan ni wọ́n sábà ń yọ, tí wọ́n á fi rọ́pò ohun tó ti já, èyí tó so egungun mọ́ egungun. Ṣé ká wá máa sọ pé wọ́n yọ iṣan láti fi ṣe iṣan?

Ọmọ àbúrò mi ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń jó ní Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ó yí padà bìrí, egungun náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. (Ti àkọ́kọ́, dídè é àti eré ìmárale ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Wọn kì í sáré mú ọ̀bẹ.) Mo wá ń ṣàlàyé fún Màmá wa n'Ípẹ̀rù, lórí ìkọ́kọrẹ́, pé nǹkan fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún tó di egungun yẹn mú kó má baà yọ̀ síta, pé òun ló já.

Màmá ní, “Ọ̀já rẹ̀ ló já nìyẹn. Ọmọ ẹ̀yìn tí ò lọ́já, ṣé kò ní yọ̀ ni?”

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀.

Ẹ wò ó: nǹkan náà kò rí roboto bí okùn, ó tẹ́ bí ọ̀já gan-an. “Ìdè” tí àwọn kan fẹ́ ń rán mi létí ẹlẹ́wọ̀n. Ní ti egungun fúnra rẹ̀, mo fara mọ́ “ọmọrí orúnkún”, nítorí bí ọmọrí ìkòkò ló ṣe ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi á pè é ní “iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ ọ̀já ọmọrí orúnkún”. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀já orúnkún kì í ṣe ẹyọ kan, a gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀já ṣeé tú nírọ̀lẹ́, tinú ara kò ṣeé tú. Òótọ́ ni. Ìkòkò náà ṣá ní ọrùn, kò sẹ́ni tó retí pé kó wọ ìlẹ̀kẹ̀.

Ó ku èyí tó máa ń já fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀já méjì tó dábùú ara wọn láàárín orúnkún. “Ọ̀já àgbélébùú” ló ń wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ n kò tíì bi Màmá.