Ilẹ̀ mi ní Kwali, Àbújá: ṣé kí n tètè sun ún ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Àbújá: Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú àárọ̀ o. Igi òrí àti igi irú wà lórí ilẹ̀ mi. Tẹ́lẹ̀ àwọn darandaran ló máa ń tiná bọ koríko ibẹ̀ bí òjò bá ṣe ń dá, iná yẹn ò ga, bí ìrì bá ti sẹ̀ lálẹ́ á kú fúnra ẹ̀. Ní báyìí ilé ti pọ̀ ládùúgbò, wọn ò wá mọ́, koríko á wá gbẹ ganrangan títí Fẹ́búárì, ẹnì kan á ju ìdí sìgá tàbí kí ọdẹ máa lé ọ̀yà, ó parí nìyẹn. Àwọn ọmọ igi òrí á jó kanlẹ̀, wọ́n á tún hù látìdí, iná á tún padà wá jẹ wọ́n, èkan nìkan ló ń fẹ̀ sí i.

Dádì_Zuba: Èkan ò lè kú bẹ́ẹ̀ jàre, iṣu ìdí ẹ̀ wà nínú ilẹ̀, iná ò débẹ̀. Ìgbà tí iná ń jó gan-an lẹjọ́. Ní Olókemèjì lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti 1929 ni àwọn fọ́rẹ́sítì ti pín ilẹ̀ sí mẹ́ta, wọ́n ń tètè sun ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, òpin ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun èkejì, ẹ̀kẹta wọn ò jẹ́ kí iná kàn án. Èyí tí wọ́n ń sun lópin ẹ̀rùn, koríko àti ìwọ̀nba igi alágídí ló kù. Igi pọ̀ lórí èyí tí wọ́n ń tètè sun. Ẹ̀kẹta ti ń di igbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rùn Kwali gùn ju tọhún lọ o, ẹ má retí igbó.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Ebè iṣu àwọn Gbàgyí (Gwari) máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún baálẹ̀ ìlú, kẹ́ ẹ ro àyíká ilẹ̀ yẹn mọ́ fẹ́rẹ́gẹ́dẹ́, kẹ́ ẹ tún ro ìdí àwọn ọmọ igi òrí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣáná.

Dádì_Zuba: Òótọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ sun ún, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ ní omi àti ewé tútù lọ́wọ́.

Túndé_Gwágwàládà: Àbí kẹ́ ẹ bá darandaran sọ̀rọ̀ kí màlúù jẹ koríko náà kó tó gbẹ. Koríko gámbà tó kún ibí yìí, wọ́n gbé e lọ sí Ọsirélíà kí màlúù lè máa jẹ ẹ́, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ wọgbó, iná ẹ̀ le débi pé ó ń pa igi ńláńlá wọn.

Àbẹ̀kẹ́_Àbújá: Ẹ ṣé gan-an. Baálẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lọ rí. Túndé, tó o bá mọ darandaran kan lọ́nà ibẹ̀, bá mi sọ̀rọ̀ ní ìnbọ́ọ̀sì.