Kọ́ọ̀sì EBP orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ìbéèrè PICO mi padà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Sitúdẹ́ǹtì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òṣogbo ni mo wà, ọdún kẹta ni mo wà nílé ìwé, sáà yìí ni wọ́n gbé kọ́ọ̀sì kan fún wa tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀, evidence-based practice, ìyẹn ìtọ́jú tó dá lórí ohun tí ìwádìí fi hàn, EBP ni gbogbo wa ń pè é. Fídíò méjì lọ́sẹ̀, ìdánwò kékeré lálẹ́ ọjọ́ Sunday, àsáímẹ́ǹtì lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò sọ pé kò dáa o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ibi PICO yìí, ọ̀nà tí wọ́n ní ká máa fi kọ ìbéèrè ìwádìí, ni mo há sí.

Wọ́n ní ká mú ìbéèrè kan wá láti wọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ kọ "Báwo la ṣe lè dín kòkòrò àrùn kù lára ọmọ tuntun?", wọ́n dá a padà pé ó ti fẹ̀ jù. Mo tún un kọ, mo ní "Ṣé ìmọ́tótó ń dín àìsàn kù lára ọmọ tuntun ní Nàìjíríà?", wọ́n tún dá a padà, ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n kọ sí i, "Ìmọ́tótó wo?" Mo gbé e bẹ́ẹ̀ náà sínú PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó tú jáde lé ní ẹgbẹ̀rún, mo ṣí mẹ́ta níbẹ̀, méjì ń bèèrè dọ́là lọ́wọ́ mi kí n tó lè kà á.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an kì í ṣe ìmọ́tótó lásán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, ìyá kan gbé ọmọ ọjọ́ márùn-ún wá. Bá a ṣe tú aṣọ ọmọ báyìí, pẹ́ẹ̀sìtì ìfọyín ló wà yí ìwọ́ ẹ̀ ká, funfun, ó ti gbẹ, ó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Sísítà fi òwú àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rọra rẹ ẹ́ títí tó fi bọ́, abẹ́ ẹ̀ pọ́n, ó sì ti ń rùn díẹ̀. Ìyá àgbà tó tẹ̀ lé wọn wá ní bí òun ṣe tọ́jú ọmọ mẹ́fà nìyẹn, gbogbo wọn ló sì yè. Sísítà ò bá wọn jiyàn rárá, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà, ẹ sún mọ́bí ká jọ wò ó." Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ó pé kí ló yẹ ká fi sí ìwọ́ ọmọ gan-an, torí níbì kan sípírítì ni mo bá wọn tí wọ́n ń lò, níbòmíì jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, níbòmíì wọ́n ní ká má fi nǹkan kan sí i. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè tọ̀nà pọ̀.

Friday ni màá fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe kọ́ọ̀sì yìí rí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ọláìyá

Pẹ̀lẹ́ o. Ti PICO, àwọn àgbà á dá ẹ lóhùn, tèmi ò ju ti détà lọ. Aago márùn-ún ìdájí ni kó o máa dánlóòdù fídíò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń yá nígbà yẹn, kó o sì mú fídíò tó kéré jù tí wọ́n bá fi síbẹ̀, torí ohùn lẹ́kúrà lo nílò, kì í ṣe ojú wọn. Má sì tẹ ìdáhùn tààrà sínú ojú ewé kọ́ọ̀sì láé! Kọ ọ́ sínú nóòtì fóònù ẹ kó o tó kọ́pì ẹ̀ síbẹ̀. Iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́ níjọ́ kan, bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀ta ni mo ti kọ, gbogbo ẹ̀ ló lọ, mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Agbẹ̀bí Alékúwodò

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè ẹ ti wà nílẹ̀, ìpínrọ̀ kẹta tó o kọ yẹn ni, ti pẹ́ẹ̀sìtì, òun ni kó o fi ránṣẹ́, kì í ṣe "ìmọ́tótó". P ni àwọn tọ́rọ̀ kàn, I ni ohun tó o fẹ́ ṣe fún wọn, C ni ohun tó o fẹ́ fi wé e, O ni ohun tó o fẹ́ kó yàtọ̀ níkẹyìn. Ìwọ kọ "ọmọ tuntun", ọmọ tuntun wo? Èyí tí wọ́n bí sílé àbí èyí tí wọ́n bí sí ọsibítù? Jọ̀ọ́ má fojú kéré ìyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ chlorhexidine yìí dá lé, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ní 2006 ìwádìí kan jáde láti Nepal, wọ́n fi chlorhexidine 4% nu ìwọ́ àwọn ọmọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé ilé ni wọ́n bí wọn sí. Ìwọ́ tó ń kẹ̀ dín kù gidigidi, ikú náà sì dín kù lára àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún fún láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Nígbà tó di 2012, ti Bangladesh jáde, ti Pakistan jáde, àwọn náà rí i pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ní 2014 WHO, àjọ ìlera àgbáyé, wá sọ pé ká máa lò ó fún ọmọ tí wọ́n bí sílé níbi tí ikú ọmọ tuntun bá ti tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 1,000, àmọ́ pé tó bá jẹ́ ọsibítù ni wọ́n bí i sí, kí ìwọ́ mọ́ kó sì gbẹ ti tó. Ọ̀pọ̀ sitúdẹ́ǹtì ń dúró síbí yìí, wọ́n á kọ ọ́ pé chlorhexidine ń gba ẹ̀mí là, ó parí.

Kò tíì parí o. Ní 2016, ìwádìí méjì jáde láti ilẹ̀ adúláwọ̀ wa níbí, ọ̀kan ní Zambia, ọ̀kan ní erékùṣù Pemba lábẹ́ Tanzania, ọmọ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 30,000, ikú ò sì dín kù lọ́nà tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà. Oògùn kan náà o! Àmọ́ iye àwọn tó bímọ sí ọsibítù ní Zambia pọ̀ ju ti Nepal lọ fíìfíì. Ṣé o rí ohun tí P ń ṣe báyìí? Ní 2022 WHO tún ọ̀rọ̀ náà sọ, wọ́n ní kí ìwọ́ mọ́ kó sì gbẹ, chlorhexidine wà fún kìkì ibi tí àwọn èèyàn ti sábà máa ń fi nǹkan tó lè ṣe ọmọ léṣe sí ìwọ́, irú bí ìgbẹ́ ẹran. Wá wo pẹ́ẹ̀sìtì ìyá àgbà yẹn kó o sọ fún mi apá ibi tí Òṣogbo bọ́ sí. Mi ò ní bá ẹ dáhùn ẹ̀, iṣẹ́ ẹ nìyẹn.

Nǹkan méjì kékeré. 7.1% tí wàá rí lára páálí jẹ́ẹ̀lì àti 4% tó wà nínú ìwé, ọ̀kan náà ni, 7.1% ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá wọn chlorhexidine digluconate lódindi, 4% tí wọ́n bá wọn chlorhexidine inú ẹ̀ nìkan, má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú. Èkejì, ọ̀pá jẹ́ẹ̀lì yìí jọ ti oògùn ojú, àwọn kan ti ṣì í fi sójú ọmọ, ojú ọmọ bàjẹ́, WHO kìlọ̀ nípa ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kọ nípa lílo jẹ́ẹ̀lì, kọ ewu yẹn náà sí i.

Sitúdẹ́ǹtì Òkè-Baálẹ̀

Ha, ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun gan-an, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ bá mi wo èyí: "Lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọsibítù tí wọ́n sì gbé lọ sílé kí ìwọ́ tó já, ṣé fífi chlorhexidine 7.1% pa ìwọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan dáa ju kí wọ́n kàn jẹ́ kó mọ́ kó gbẹ lọ, kí ìwọ́ má baà kẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́?"

Agbẹ̀bí Alékúwodò

Ìbéèrè dé nìyẹn. "Kí ìwọ́ tó já" tó o fi síbẹ̀ yẹn wù mí, torí ilé ni ìyá àgbà ti ń ṣe tiẹ̀.

Ọmọ Láíbìrérì

Ti wíwá ìwé wá kù. Má tẹ gbólóhùn gígùn sínú PubMed bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mú ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó nínú PICO ẹ, kó o fi AND so èyí tó yàtọ̀ síra, kó o fi OR so èyí tó jọra, bíi chlorhexidine AND umbilical cord AND (infection OR omphalitis). Omphalitis ni orúkọ tí àwọn olùwádìí ń pe ìwọ́ tó kẹ̀, tó ò bá fi sí i, ọ̀pọ̀ ìwé ló máa sá fún ẹ. Lẹ́yìn náà tẹ "free full text" ní ẹ̀gbẹ́ òsì, àwọn tó ń bèèrè dọ́là á kúrò lójú ẹ. Ti Zambia àti ti Pemba yẹn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kà wọ́n lódindi, má fi abstract, àkópọ̀ kékeré tó wà níwájú ìwé, nìkan kọ àsáímẹ́ǹtì, torí inú ìwé gan-an lo ti máa rí bí wọ́n ṣe pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì àti iye tó jáwọ́ láàárín ọ̀nà. Lọ bá wọn ní láíbìrérì ilé ìwé yín kó o bèèrè Hinari, ètò tó ń jẹ́ kí ilé ìwé rí ìwé ìwádìí ìlera kà, tí ilé ìwé bá ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní ọ̀nà tí wàá fi wọlé, ìwé olówó púpọ̀ ló ń ṣí síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan. Wọ́n á ti kọ́ yín pé systematic review, ìwé tó kó gbogbo ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ kan jọ tó sì yẹ̀ wọ́n wò, ló wà lókè pátápátá, òótọ́ ni, àmọ́ wo ọdún tó jáde. Àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ní èyí tó sọ̀rọ̀ ìwọ́ ọmọ ní 2013, wọ́n tún ní òmíràn ní 2015, méjèèjì ló ṣáájú ti Zambia àti Pemba, tó o bá gbé e bẹ́ẹ̀ láìwo ọdún, apá kan ọ̀rọ̀ náà lo máa sọ.

Nọ́ọ̀sì Ọjà-Ọba

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 14 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn sitúdẹ́ǹtì ń ti orí kọ́ọ̀sì yìí bọ̀ wá bá wa, wọ́n á gbé ìwé tí wọ́n ṣe lókè òkun sí wa lójú, níbi tí a ò ti ní ìbọ̀wọ́ tó, nọ́ọ̀sì méjì sì wà fún odindi wọ́ọ̀dù lóru. Ọ̀kan fi fóònù han ọ̀gá wa níwájú àwọn aláìsàn pé ohun tí wọ́n ń ṣe ti di àtijọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣé ohun tí ojú wa ti rí ò jámọ́ nǹkan kan mọ́ ni?

Agbẹ̀bí Alékúwodò

Ó jámọ́ nǹkan, àǹtí mi, ohun tọ́mọ yẹn ṣe ò sì dáa. Kọ́ọ̀sì náà fúnra ẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1996 tí dókítà David Sackett àtàwọn tó bá a kọ̀wé sọ ohun tí EBP jẹ́, ìwádìí tó dáa jù wà níbẹ̀, ìmọ̀ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn wà níbẹ̀, ohun tí aláìsàn fúnra ẹ̀ fẹ́ náà wà níbẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ọdún 14 yín wà lára ààrò yẹn.

Àmọ́ ti pé òkè òkun ni gbogbo ẹ̀, mi ò gbà mà. Ẹ wo E-MOTIVE, ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó jáde ní 2023. Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ìyá inú ẹ̀ lé ní 200,000. Ike tó ní àmì òǹkà lára ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú ẹ̀, kí èèyàn má fojú díwọ̀n mọ́, bó bá ti dé àmì, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní ṣe ọ̀kan kí wọ́n máa dúró wò ó. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìyá tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára ẹ̀ débi líle, tàbí tí wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí ẹ̀, tàbí tó kú, jẹ́ 4.3%. Níbi tí ike wà, 1.6%. Èmi náà ti fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rí, mo rò pé kò pọ̀, nígbà tí a gbé aṣọ abẹ́ ìyá yẹn sókè ó wúwo lọ́wọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Mi ò gbàgbé ìwúwo yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ọjà-Ọba

Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo gbà. Màá wá a kà. Kí wọ́n ṣáà kọ́ àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Sitúdẹ́ǹtì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo fi ránṣẹ́ ní Thursday kí iná tó lọ, wọ́n ti gbà á, wọ́n ní kí n fi ìwé Zambia ṣáájú. Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Ọjà-Ọba, ẹ má bínú nítorí tiwa mà, mo ti gbọ́.

Ìyá àgbà gbé ọmọ padà wá lónìí. Ìwọ́ ti já, ibẹ̀ gbẹ, kò pọ́n mọ́. Sísítà ní èmi ni kí n tú aṣọ ọmọ. Ìyá àgbà bi mí pé kí ni káwọn wá máa fi sí i báyìí, mo ní kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i mà, wọ́n wo sísítà, sísítà mi orí sí wọn, wọ́n wá fa aṣọ ọmọ wálẹ̀ fúnra wọn.