Ilé tí a fẹ́ rà ní London: ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ò ní májèlé báyìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́yà wa ní ibi tí wọ́n ti ń fi èédú ṣe gáàsì láyé àtijọ́ ni ilẹ̀ ilé tí a fẹ́ rà. Mo fi ìka wa ẹ̀yìnkùlé díẹ̀, ó dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń rùn. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti ní òun máa gbin ewédú síbẹ̀!

Láti ọdún 2000 ni òfin ti ní kí káńsù ní England máa yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ èyí tí wọ́n bá pàṣẹ àtúnṣe lé lórí sínú ìwé tí gbogbo èèyàn lè wò. Mo wò ó, ilé yìí ò sí níbẹ̀. Àbí wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni? Ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ló ń sanwó àtúnṣe, àmọ́ tí wọn ò bá rí i, ó lè já lé onílé lórí. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, kí lẹ bi káńsù? Ṣé kí n kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n yẹ erùpẹ̀ náà wò?